Ẹ̀tọ́ Ojú Lára Olójú

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín lóṣù yìí. Ta ni ó ni oorun wa? Bí ènìyàn bá kọ̀ tí kò sùn, tí ó fi òru rẹ̀ ṣe ohun tí ó wù ú, ǹjẹ́ ó ṣẹ ẹnikẹ́ni? Àbí ohun ìní tirẹ̀ ni ó ná, tí kò sì sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè?

Ìdí tí a fi béèrè ni pé àìsùn ti di ohun tí à ń fi yangàn láàrin wa. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé òun kò fojú ba oorun láti àná. Oníṣòwò yóò ní ẹni tí ó bá ń sùn kò tí ì mọ ohun tí ó ń wá. Ẹni tí ó wo bọ́ọ̀lù wọ òru, tí ó tún wá gbé fóònù sójú títí àkùkọ fi kọ, òun kò ní yangàn o, ṣùgbọ́n kò ní gbà pé òun jẹ̀bi ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni arákùnrin kan yóò dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, yóò ní òru mẹ́ta ni òun fi dúró lórí ìrun láìfẹ̀yìn lélẹ̀, gbogbo ilé yóò sì ké kábàrá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò jọra, iṣẹ́ wọn kò sì lè dọ́gba lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ohun kan pa wọ́n pọ̀: olúkúlùkù gbà pé oorun òun, òun ni òun ni ín.

Àwọn bàbá wa kò wo oorun báyìí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ohun tí Yorùbá kọ́kọ́ ń béèrè kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe oúnjẹ. "Ẹ jíire bí?" ni. Bí a bá fẹ́ lọ sùn, a ó ní ó dàárọ̀, kí Ọlọ́hun jí wa ire. Ẹni tí ń kíni báyìí mọ̀ pé à ń gba oorun ni, a kì í fi ipá mú un, àti pé àánú ni a fi ń ti inú rẹ̀ bọ̀. Al-Kùránì tún là á yé wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Súrà Az-Zumar (39:42), a kọ́ pé Ọlọ́hun ń gba ẹ̀mí ẹni tí kò tí ì kú lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá sùn, tí Yóò sì dá a padà fún un títí di ọjọ́ tí a dá. Nínú Súrà Ar-Rūm (30:23), Ó ka oorun wa mọ́ àwọn àmì Rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun kà mọ́ àmì, kò yẹ kí a máa ná an bí owó tí a rí he.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa jiyàn dáadáa kò ní ti ọ̀dọ̀ oníbọ́ọ̀lù wá. Ọ̀rọ̀ olùjọ́sìn ni yóò gbé dìde. Yóò ní, ṣebí Al-Kùránì yin àwọn tí ẹ̀gbẹ́ wọn kì í pẹ́ lórí ibùsùn, tí wọ́n ń pe Olúwa wọn lóru? Ṣé àwọn ọ̀dọ́ ni ẹ wá fẹ́ sọ di olóorun ní àkókò tí àwọn ẹlòmíràn ń sáré? Ọ̀rọ̀ náà lágbára, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tuntun. Ó ti dé iwájú Ànọ́bì fúnra rẹ̀.

Abdullah ọmọ Amr ọmọ Al-As jẹ́ ọ̀dọ́ bíi tiyín. Ó ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ànọ́bì, ó sì bá a sọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀gbàwá tí ó wà lọ́dọ̀ Bukhari, ó ní kí ó máa gbààwẹ̀ kí ó sì máa jẹun, kí ó máa kírun kí ó sì máa sùn, nítorí pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, aya rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, àlejò rẹ̀ pàápàá ní ẹ̀tọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ànọ́bì kò kàn sọ fún un pé oorun yóò ṣe é láǹfààní, bí dókítà ṣe máa ń sọ. Ẹ̀tọ́ ni ó pè é, ìyẹn haqq, ọ̀rọ̀ kan náà tí Lárúbáwá ń lò fún ohun tí a jẹ ẹlòmíràn. Ara wa, gẹ́gẹ́ bí èyí, dà bí ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ wa. Ènìyàn kì í mú owó olówó lọ ṣe sàráà kí ó wá máa retí láádá. Abdullah pẹ́ láyé, nígbà tí ó sì darúgbó, tí agbára ti ń lọ, ó sọ pé ì bá ti dára tó kí òun ti gba ìrọ̀rùn tí Ànọ́bì fi lọ òun.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Ànọ́bì wọlé, ó rí okùn kan tí a so sáàárín òpó méjì. Wọ́n ní ti Zaynab ni, pé bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ lórí ìrun, okùn yẹn ni ó ń gbára lé. Ó ní kí wọ́n tú u. Kí olúkúlùkù kírun níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ bá yá, bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ó jókòó. Nínú gbogbo ìtàn àìsùn, okùn yìí ni a kì í gbàgbé, nítorí okùn Zaynab pọ̀ láàrin wa títí di òní. Àwọn kan fi obì so tiwọn, àwọn kan fi ìgò ohun mímu agbára, àwọn kan fi ìtìjú pé kí ẹgbẹ́ má baà sọ pé àwọn kò ní ìgbàgbọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan wà tí yóò ka ibi tí a dé yìí, tí wọn yóò sì fi ìwé náà ṣe ìrọ̀rí. Ẹ rọra. Salman ará Páṣíà tí ó dá Abu Darda dúró lóru, tí ó ní kí ó lọ sùn, òun kan náà ni ó jí i nígbà tí òru kù díẹ̀ kí ó parí, tí ó ní kí àwọn dìde kírun wàyí. Ẹni tí ó sùn láti ìgbà Íṣáì tí kò jí títí oòrùn fi yọ, kì í ṣe ẹ̀tọ́ ara ni ó ń san.

Ohun tí ó wú wa lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, a sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Nínú Súrà An-Nisā' (4:43), kí a tó wá ka ọtí léèwọ̀ pátápátá, a pa á láṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe súnmọ́ ìrun nínú ìmutípara títí yóò fi mọ ohun tí ó ń wí. Nínú hádíìsì Anas tí Bukhari gbà wá, a pa á láṣẹ fún ẹni tí ó bá ń tòògbé lórí ìrun pé kí ó lọ sùn títí yóò fi mọ ohun tí ó ń kà. Ẹ̀gbàwá Aisha fi kún un pé ó lè jẹ́ pé ó ń wá àforíjì, kí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ó ń ṣépè fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Lárúbáwá, ẹ gbé méjèèjì ka iwájú ara yín, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe "mímọ̀" kan náà ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀mùtí àti olóòògbé, ìdí kan náà ni a fi dá àwọn méjèèjì dúró: làákàyè kò sí nílé.

Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Dawson àti Reid, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n dán àwọn ènìyàn wò nígbà tí wọ́n ti pẹ́ lójúfò, wọ́n sì tún dán wọn wò nígbà tí wọ́n mu ọtí. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti lọ́ra bí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi òfin dè mọ́ awakọ̀. Bí ó bá di wákàtí 24, ó jọ ti 0.10, ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ sí ti ara wa. Ẹni tí ó jí ní aago 4 ìdájí láti jẹ sààrì, wákàtí 17 rẹ̀ pé ní aago 9 alẹ́. Bí ó bá wá gbé ọkọ̀ ní aago 10 láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin pẹ̀lú èrò méjìdínlógún lẹ́yìn rẹ̀, kí ni a ó pè é? Mùsùlùmí rere ni, ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí. Síbẹ̀ ìdí tí a fi ń sá fún ọtí ti jókòó sórí àga awakọ̀. Ibi yìí ni ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ti rí ìdáhùn kan: ẹni tí kò sùn lè ṣẹ ẹlòmíràn, ó sì lè ṣẹ̀ ẹ́ dé ojú ikú.

Kí ni ara tilẹ̀ ń ṣe nígbà tí a bá sùn? Ọ̀pọ̀ rò pé bí iná tí a pa ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oorun ń yí po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí ìṣẹ́jú 90, láti oorun fẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sí oorun àsùnwọra, kí ó tó dé oorun àlá, lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóru kan. Oorun àsùnwọra pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ òru, ti àlá pọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Nínú oorun àsùnwọra ni ara ń tú ohun tí ń mú ọmọdé dàgbà jáde jù. Ní gbogbo àkókò yìí ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí ọkàn ń sinmi. Ohun tí a kà lọ́sàn-án, inú oorun ni ọpọlọ ti ń tò ó sí àyè rẹ̀. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàwé mọ́jú ìdánwò, agbọ̀n ni ó fi ń pọn omi. Ní ilé kéwú, a máa ń rí ọmọ tí ó ń tòògbé lórí wàláà láàárọ̀, tí súrà tí ó há sórí lánàá kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kí olùkọ́ tó gbé pàṣán, ó yẹ kí ó bi ọmọ náà ní aago tí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n nílé wọn.

Ní ọdún 2015, àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà pàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé ó kéré tán wákàtí 7 ni àgbàlagbà nílò lóru. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Ẹni tí kò bá sùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, àrùn rọpárọsẹ̀, sísanra àsanjù àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn a máa súnmọ́ ọn ju ẹlòmíràn lọ.

Ti obì ńkọ́? Obì, gbànja àti kọfí, kaféìnì ni ó wà nínú gbogbo wọn. Bí a bá ti ń pẹ́ lójúfò, nǹkan kan tí a ń pè ní adenosine ń kó jọ nínú ọpọlọ, òun ni ń jẹ́ kí ojú máa wúwo. Kaféìnì kàn lọ ń jókòó sí àyè rẹ̀ ni. Kò gbé e kúrò. Bí ó bá ti dìde, gbogbo adenosine tí ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yóò ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféìnì náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Obì tí a jẹ ní ìrọ̀lẹ́ lè máa bá oorun jà di òru.

Nígbà tí Hilda Baci dáná fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ní Èkó ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó fẹ́ dá àrà tiwọn náà, tí wọ́n ń fi ọjọ́ sórí ọjọ́ ṣe ohun kan tàbí òmíràn kí orúkọ wọn lè wọ ìwé Guinness. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ilé iṣẹ́ Guinness fúnra wọn ti dẹ́kun gbígba àkọsílẹ̀ ẹni tí ó pẹ́ jù láìsùn láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ewu rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíka àṣejù ọmọ aráyé, àní àwọn náà sọ pé eléyìí pọ̀ jù.

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ, ẹni tí ó lè yàn ni a ń bá wí. Kí ni ti ẹni tí kò ní yíyàn? Àwọn tí ń gbé Ìkòròdú, Mowé àti Sàngó tí iṣẹ́ wọn wà ní Erékùṣù Èkó ń jáde nílé ní aago 4 ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ, àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì, òru ni iṣẹ́ wọn. Ní 2007, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì tún tẹnu mọ́ ọn ní 2019. Aago kan wà nínú ara tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ń tò. Ìmọ̀ nípa bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn fún Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ní 2017. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lóru ń bá aago yìí jà lójoojúmọ́. A kò lè sọ fún irú wọn pé wọ́n jẹ ara wọn ní gbèsè. Nípa tiwa, ẹni tí ó ń jẹ èrè òru wọn ni gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ní ọlọ́dẹ kan ṣoṣo, tí ó ń lò ó lóru tí ó tún ń rán an níṣẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀tọ́ tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú owó oṣù.

Kí a má sì lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé. Lóṣù Ramadan, aago mélòó ni arábìnrin wa ń jí láti dáná sààrì, aago mélòó sì ni ọkọ àti àwọn ọmọkùnrin ń jí láti jẹ ẹ́? Lẹ́yìn Àsùbáà, ta ni ó ń padà sùn, ta ni ó ń fọ abọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó kẹ́yìn sùn tí ó sì kọ́kọ́ jí, ọmọ ọdún mélòó ni? Ìwọ̀nyí kò gba fàtíwà. Wọ́n ṣeé kà lórí ìka.

Lẹ́yìn náà, àwọn aládùúgbò. A ó sọ ọ́ bí ó ti rí, bí ó tilẹ̀ lè bí àwọn kan nínú. Ìpàdé òru wa dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a kọjú rẹ̀ sí ìta ní aago 2 òru, àwọn wo ni a ń bá sọ̀rọ̀? Àwa tí a wá síbẹ̀ ti gbọ́. Ìyá tí ó bí ọmọ tuntun ní ojúlé kejì kò lè fèsì, bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò lè bá Al-Kùránì jà, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí sì ń dákẹ́ nítorí kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Ìdákẹ́ wọn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ má sọ fún wa pé àwọn ẹlẹ́sìn kejì àti àwọn olóde àríyá ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń wọn òṣùwọ̀n tirẹ̀ kì í fi ti aláìṣòótọ́ ṣe àwòkọ́ṣe. Miqdad sọ fún wa, nínú ìwé Muslim, bí Ànọ́bì ṣe máa ń wọlé lóru sí ibi tí àwọn ènìyàn wà: yóò sálámà tí ẹni tí ó wà lójúfò yóò gbọ́, tí ẹni tí ó sùn kò ní jí. Kíkí àlàáfíà ni o, adúà ni, Ànọ́bì ni ó sì ń ṣe é, síbẹ̀ ó wọn ohùn rẹ̀ kí ó má baà jí olóorun. (Àwọn ọmọ wa tí ń jí ni ní sààrì pẹ̀lú ìlù àti agolo, a kò bá wọn jà, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n sààrì kì í ṣe aago 1 òru.)

Nípa bí a ó ṣe sùn, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ànọ́bì kórìíra kí a sùn ṣáájú Íṣáì, ó sì kórìíra ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù lónìí, ọ̀rọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tí ì ṣú, kí ó má tú mẹlatónì tí ń pe oorun wá jáde. Ẹ gbé e sí yàrá mìíràn. Àwọn Sàhábà máa ń sun oorun ọ̀sán lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ogún ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ń ran ẹni tí yóò dìde lóru lọ́wọ́. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn, nítorí òru ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà ń jáde. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ilé tàbí lábẹ́ fèrèsé, nítorí gáàsì tí ó ń pa olóorun kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹni tí ó bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró lóru, tàbí tí oorun kò wá rárá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó lọ rí dókítà. Àìsàn ni, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, oògùn oorun tí wọ́n ń kiri nínú ọkọ̀ kì í sì í ṣe ìwòsàn rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò ju èyí lọ: kí ìpàdé òru tí ó ń bọ̀ parí ní aago 10, kí àwọn tí ó wá lọ sùn, kí àwọn tí ó bá fẹ́ sì padà ní aago 4 fún ìrun òru pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a kọjú rẹ̀ sínú mọ́ṣáláṣí. Kí ẹ rán ẹnì méjì lọ bi àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ kejì bí òru wọn ti rí. Ẹ̀ka tí ó bá ti gbìyànjú rẹ̀, kí akọ̀wé kọ̀wé sí wa, a ó tẹ ohun tí wọ́n bá sọ jáde, ì báà jẹ́ dídùn, ì báà jẹ́ kíkorò.